Windows Inú Páálí: Ṣé Ọjà Àtijọ́ Ni Wọ́n Tà fún Wa?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Olùkọ́ ni mí ní Ìfàkì-Èkìtì. Mo ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun fún ọmọ mi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ. Adó-Èkìtì ni mo ti rà á, ojú mi ni wọ́n sì ṣe já páálí rẹ̀. Nígbà tí ọmọ dé ọgbà wọn ní Ìkọ̀lé, ó rí i pé Windows 11 ẹ̀dà 23H2 ni ó wà nínú tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ 25H2 ni ó wà nínú ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, oṣù kan náà ni àwa àti àwọn òbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì rà á. Ṣé ọjà àtijọ́ ni wọ́n tà fún wa? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ibẹ̀ ní kí a jẹ́ kí òun fọ́máàtì rẹ̀, kí òun sì fi Windows 10 sí i, pé ìyẹn fúyẹ́ ju 11 lọ, àti pé owó tí òun yóò gbà kò tó nǹkan. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìnáwó, Màmá, ẹ sì kú oríire ọmọ tó wọ yunifásítì. Kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín ní èsì tí ẹ ń wá. 23H2 tí ọmọ bá nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé wọ́n rẹ́ yín jẹ, kò sì sọ ẹ̀rọ náà di àlòkù. Ohun tí ó yẹ kí ọmọ ṣe ni pé kí ó gbé Windows náà kúrò ní 23H2 lọ sí 25H2, owó dátà nìkan ni ìyẹn yóò sì ná yín. Ní ti pé kí wọ́n fọ́máàtì rẹ̀ kí wọ́n fi Windows 10 sí i, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà. Ohun tí ẹ fi owó yín rà ni wọ́n fẹ́ pa rẹ́, ohun tí wọ́n sì fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ ti di ohun tí àwọn tó ṣe é kò tọ́jú mọ́.

Ilé iṣẹ́ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà kì í fi Windows sínú ẹ̀rọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ti máa ń ṣe. Fún oríṣi kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ tà, wọn a ṣètò odindi àdàkọ kan tí Windows wà nínú rẹ̀, tòun ti àwọn dráífà, ìyẹn ètò kéékèèké tí ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, tí kámẹ́rà, Wi-Fi, sípíkà àti táṣìpáàdì ẹ̀rọ yẹn nílò, pẹ̀lú àwọn ètò tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ fi kún un. Wọn a yẹ àdàkọ náà wò fínnífínní, lẹ́yìn náà ni wọn a máa dà á kọ sínú dísìkì gbogbo ẹ̀rọ oríṣi yẹn tí ó bá ń jáde. Bí Microsoft, àwọn tó ni Windows, bá gbé ẹ̀dà tuntun jáde lọ́la, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà kò ní torí rẹ̀ ju àdàkọ tí ó wà nílẹ̀ nù. Ó lè tó ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé wọn kò ní pààrọ̀ rẹ̀ rárá títí tí wọn yóò fi dáwọ́ oríṣi kọ̀ǹpútà yẹn dúró.

Ìrìn àjò ni ó tún kàn. Orílẹ̀-èdè Ṣáínà ni wọ́n ti ń to èyí tó pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí gbogbo ayé ń lò. Láti ibẹ̀, ó di Èkó, ó di ilé ìkẹ́rùsí alágbàtà, ó di Computer Village ní Ìkẹjà, kí ó tó gun mọ́tò wá sí Adó, kí ó sì tún jókòó sórí pẹpẹ títí tí oníbàárà yóò fi dé. Ní gbogbo àkókò yẹn, pípa ni ẹ̀rọ náà wà, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ó wà, kò sì lè gba àpídéètì kankan. Nítorí náà, ẹ̀dà tí ẹ bá nínú páálí ń sọ ìgbà tí wọ́n kọ àdàkọ sínú ẹ̀rọ náà ní ilé iṣẹ́; kò sọ ohunkóhun nípa ọjọ́ tí ẹ san owó. Ẹ̀rọ méjì tí a rà ní ọjọ́ kan náà, nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, lè fi ọdún kan ju ara wọn lọ.

Bí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀, ẹ wo ara páálí náà, nítòsí ibi tí wọ́n kọ serial number sí. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ a máa kọ oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ síbẹ̀. Èrò tèmi ni pé bí ó bá ti pẹ́ tó ọdún kan, kò yẹ kí ẹ tìtorí rẹ̀ bá ọlọ́jà jà. Bí ó bá ti lé ní ọdún méjì, ẹjọ́ wà níbẹ̀. Ẹjọ́ náà kì í ṣe ti Windows, ti bátìrì ni, nítorí pé bátìrì ń gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó, àti ti wáráńtì, tí ilé iṣẹ́ mìíràn ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà kí ẹ tó rà á. Ẹ tẹ serial number yẹn sí ojú ewé wáráńtì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà ní lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sọ ọjọ́ tí wáráńtì yóò parí fún yín, rìsíìtì yín ni ẹ ó sì fi béèrè àtúnṣe bí ọjọ́ náà bá kúrú.

Mo rí i pé ohun mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ń pa pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Windows, ibẹ̀ sì ni ìdààmú ti ń wá. Àkọ́kọ́ ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn Windows 10 tàbí Windows 11. Èkejì ni irú rẹ̀, ìyẹn Home, Home Single Language tàbí Pro. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀dà rẹ̀, bíi 23H2, tí 23 inú rẹ̀ dúró fún ọdún 2023, tí H2 sì dúró fún ìdajì kejì ọdún náà. Orúkọ àti irú ni ẹ san owó lé lórí, àwọn ni ẹ ó sì rí tí wọ́n kọ sára páálí. Ẹ̀dà kò ní iye. Ọ̀fẹ́ ni Microsoft ń fún gbogbo ẹni tí ó ti ní Windows 11 tí àṣẹ ìlò rẹ̀ pé, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní ìdajì kejì ọdún. Bí páálí bá sọ pé Windows 11 Pro, tí ẹ sì bá Home nínú ẹ̀rọ, ẹ padà lọ bá ẹni tí ó tà á lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀dà nìkan ni ó yàtọ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ọlọ́jà.

Èyí kò wá sọ pé kí ọmọ fi 23H2 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí ìtọ́jú rẹ̀ yóò dópin, fún Home àti Pro, ọdún méjì ni Microsoft sì ń fún un. 23H2 jáde ní October 2023, ìtọ́jú rẹ̀ sì dópin fún Home àti Pro ní 11 November 2025. 24H2 tí ó jáde ní October 2024 yóò dé òpin tirẹ̀ ní 13 October 2026, nígbà tí 25H2, tí ó jáde ní ìparí September 2025, yóò lò títí di 12 October 2027. Ohun tí à ń pè ní ìtọ́jú ni àwọn àtúnṣe ààbò tí Microsoft ń gbé jáde ní ọjọ́ Tuesday kejì nínú oṣooṣù, láti fi dí ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ti rí tàbí tí wọ́n lè rí. Nígbà tí ìtọ́jú bá dópin, kọ̀ǹpútà yóò ṣì máa ṣiṣẹ́, fíìmù yóò máa ṣí, Word yóò máa kọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi í mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Ihò tí wọ́n bá rí lẹ́yìn ọjọ́ yẹn kò ní ẹni tí yóò dí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ san owó ilé ìwé, tí ó ń wọ báńkì láti orí rẹ̀, tí ó sì ń gba fíláàṣì lọ́wọ́ ẹni gbogbo nínú kíláàsì, kò gbọdọ̀ wà lórí ẹ̀dà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Windows 10 ni mo fẹ́ tẹ̀ lé dáadáa, nítorí pé ìmọ̀ràn yẹn kò mọ sọ́dọ̀ yín nìkan. Mo ń gbọ́ ọ ní Adó, mo ń gbọ́ ọ ní Ìkọ̀lé, àwọn tí ń gbà á níyànjú kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tí ó ti mọ́ wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń sọ. Windows 10 jáde ní 29 July 2015, ó sì sin ayé dáadáa fún ọdún mẹ́wàá. Microsoft parí ìtọ́jú rẹ̀ ní 14 October 2025. Ètò kan wà tí wọ́n fi sún ààbò síwájú di 13 October 2026 fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ètò yẹn wà fún ni kí ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti dàgbà jù fún Windows 11 rí àyè mí. Kí a wá gbé ẹ̀rọ tuntun, tí wọ́n dìídì ṣe fún Windows 11, padà sórí ohun tí ọjọ́ rẹ̀ ti lọ, fífi iná sórí òrùlé sùn ni mo pè é.

Ẹni tó sọ pé 10 fúyẹ́ ju 11 kò purọ́ pátápátá. Lórí ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, jẹ́ 4GB, tí dísìkì rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí ń yí nínú, Windows 11 a máa wúwo gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 4GB ni Microsoft kọ sílẹ̀ pé ó kéré jù tí ó lè gbà, pẹ̀lú àyè 64GB lórí dísìkì. Ṣùgbọ́n lórí ẹ̀rọ tuntun tí ó ní 8GB àti SSD, ìyẹn dísìkì tí kò ní ohun tí ń yí nínú, ojú ènìyàn kò lè rí ìyàtọ̀ tí ó tó ohun tí a ń fi ààbò dù. Bí ti ọmọ yín bá jẹ́ 4GB, owó tí ẹ fẹ́ san fún fọ́máàtì, ẹ fi kún owó RAM, bí ẹ̀rọ náà bá ní ihò tí a lè fi í sí. RAM ni yóò mú ẹ̀rọ yá. Yíyí orúkọ Windows padà kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ dráífà náà wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe kọ̀ǹpútà tuntun kò níláti kọ dráífà Windows 10 fún un mọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò sì kọ ọ́. Mo ti rí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fọ́máàtì báyìí, tí Wi-Fi rẹ̀ kò yọjú mọ́, tí táṣìpáàdì rẹ̀ kò dáhùn, tí ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kò sì ṣeé dín kù. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí prosẹ́sọ̀ rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, jẹ́ Intel ìran kọkànlá sókè, ètò tí ń fi Windows sórí ẹ̀rọ kì í tilẹ̀ rí SSD náà rárá, nítorí ohun kan tí wọ́n ń pè ní VMD tí ó nílò dráífà tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò sì sọ fún yín pé dísìkì ti bàjẹ́, pé kí ẹ ra òmíràn.

Èyí tí ó ń dùn mí jù ni ti àṣẹ ìlò. Láti ìgbà Windows 8 ní 2012 ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń kọ kọ́kọ́rọ́ Windows sínú bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ gan-an. Owó kọ́kọ́rọ́ yẹn wà nínú iye tí ẹ san ní Adó. Irú tí ó wà nínú bọ́ọ̀dù, bíi Home Single Language, ni kọ́kọ́rọ́ náà ń ṣí. Àwọn tí ń fọ́máàtì kì í sábà fi Home síbẹ̀. Windows 10 Pro tí ó wà nínú fíláàṣì wọn ni wọ́n ń fi sí ẹ̀rọ gbogbo ènìyàn, wọn a sì wá fi krákì, ìyẹn ètò ayédèrú tí ń ṣí Windows láìsanwó, ṣí i. Krákì tí ó wọ́pọ̀ jù ń díbọ́n bí ẹni pé kọ̀ǹpútà náà wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan tí ó ra àṣẹ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀rọ, àṣẹ irú èyí sì jẹ́ ọjọ́ 180 tí a gbọ́dọ̀ máa sọ di ọ̀tun. Kí krákì náà tó ṣiṣẹ́, yóò ní kí a kọ́kọ́ pa áńtífáírọ́ọ̀sì. Ẹ ro ó wò, Màmá: ètò tí a kò mọ ẹni tí ó kọ ọ́, tí ó ní kí a lé ọdẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí òun tó wọlé, tí ó sì wà nínú ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ gbogbo láti máa tún àṣẹ ayédèrú náà ṣe. Ojúlówó ni ẹ san owó rẹ̀, ayédèrú ni wọ́n sì fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀.

Ìròyìn rere kan wà fún ẹni tí ó bá ti jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ìwé ilẹ̀ kì í bá ilé tí a wó lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ inú bọ́ọ̀dù kì í bá fọ́máàtì lọ. Bí ẹ bá tún fi Windows 11 sí ẹ̀rọ náà, irú kan náà pẹ̀lú èyí tí ó bá a wá, tí ẹ sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, yóò rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò sì ṣí láìbéèrè ohunkóhun.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ojú ara rẹ̀ wo ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ. Kí ó di bọ́tìnnì tí àmì Windows wà lára rẹ̀ mú, kí ó tẹ R. Àpótí kékeré kan yóò yọ ní ìsàlẹ̀ lápá òsì. Kí ó kọ winver síbẹ̀, kí ó tẹ Enter. Ìlà kejì nínú ohun tí yóò yọ ni yóò sọ ẹ̀dà fún un, pẹ̀lú nọ́ńbà build níwájú rẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 22631, 23H2 ni lóòótọ́. 26100 jẹ́ 24H2, 26200 sì jẹ́ 25H2. Bí ẹ bá bá 19045 níbẹ̀, Windows 10 ni, ohunkóhun tí wọn ìbáà sọ fún yín, àti bó ti wù kí wọ́n ṣe ojú rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ kí ó lè jọ 11.

Lẹ́yìn èyí, kí ó tún ṣí àpótí yẹn, kí ó kọ slmgr /dli, kí ó fi àyè sílẹ̀ láàárín slmgr àti ìlà dídá náà. Yóò gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí ìdáhùn tó jáde. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó wá ni èyí tí ó wà níwájú channel. OEM_DM túmọ̀ sí pé láti ilé iṣẹ́ ni àṣẹ náà ti wá, inú bọ́ọ̀dù ni ó wà, kò sì sí wàhálà. Orúkọ irú rẹ̀ lè jáde bíi Core tàbí CoreSingleLanguage, kí ẹ̀rù má bà á, Home ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí VOLUME_KMSCLIENT lórí kọ̀ǹpútà tuntun tí òbí rà fún ọmọ, tí ọjọ́ ìparí sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹnì kan ti ja páálí yẹn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ó ti pa ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́, ó sì ti fi krákì sí i. Rìsíìtì àti ẹ̀rọ ni kí ẹ gbé padà lọ lọ́jọ́ náà. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé 23H2 ni ọmọ bá, tí ojú yín sì ṣe já páálí, ó dá mi lójú pé OEM_DM ni yóò rí, ṣùgbọ́n kí ó wò ó.

Ó kù bí yóò ṣe gbé e sókè. Láti 24H2 sí 25H2, iṣẹ́ kékeré ni, nítorí pé ìpìlẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì dúró lé. Ẹni tí ó bá ti ń gba àpídéètì oṣooṣù lórí 24H2 yóò kàn gba fáìlì kékeré kan tí yóò ṣí ohun tí ó ti wà nínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀, yóò tún ẹ̀rọ tàn lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Láti 23H2 kò rí bẹ́ẹ̀. Odindi Windows mìíràn ni yóò gbà wọlé, ọ̀pọ̀ gígábáìtì ni yóò jẹ, yóò sì pẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ra dátà tí kò dín ní 10GB, ti òru bí ó bá rí i, nítorí pé òun ni owó rẹ̀ rọjú, kí ó sì rí i dájú pé àyè tí ó ṣófo lórí dísìkì tó bíi 30GB. Kí ó wọ Settings, kí ó wọ Windows Update, kí ó tẹ Check for updates. Bí 25H2 kò bá yọ fún un níbẹ̀, kí ó lọ sí ojú ewé Microsoft tí wọ́n ti ń gba Windows 11, kí ó gba Installation Assistant, kí ó sì jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Fáìlì rẹ̀ àti àwọn ètò tí ó ti fi síbẹ̀ kò ní kúrò. Bí nǹkan kan kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn lẹ́yìn náà, Windows fún un ní ọjọ́ 10 tí ó lè fi padà sórí ti tẹ́lẹ̀.

Iná ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Kí bátìrì kún, kí ṣáájà wà lára rẹ̀, kí ó má sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí iná ìjọba bá ń ṣe ségesège. Kọ̀ǹpútà tí iná kú mọ́ lórí láàárín iṣẹ́ yìí a sábà máa yí ara rẹ̀ padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà gbogbo. Bí ó bá rí i tí ó dúró lórí nọ́ńbà kan fún ìgbà pípẹ́, sùúrù ni; kí ó má ṣe fi ipá pa á.

Lẹ́yìn tí ó bá ti dé 25H2, ó lè wọ Settings, kí ó lọ sí Network & internet, kí ó wọ inú orúkọ Wi-Fi fóònù rẹ̀, kí ó sì tan Metered connection. Windows kò ní máa fi dátà fóònù gba ẹrù ńlá mọ́. Orí Wi-Fi fóònù yẹn nìkan ni ó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kí ó máa so ẹ̀rọ mọ́ Wi-Fi ọ̀fẹ́ níbi tí ó bá wà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí àtúnṣe ààbò lè wọlé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a tan án, wọn a sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí ọdún. Nǹkan kan náà pẹ̀lú pípa àpídéètì ni ìyẹn.

Ohun kan wà tí àwọn tí ń ta kọ̀ǹpútà kì í sábà sọ. Nígbà tí ọmọ kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà, ó ti ní láti fi ímeèlì ṣí àkáǹtì Microsoft. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun, bí a bá ti ṣe èyí ni Windows ń fi agádágodo ti gbogbo dísìkì pa, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí olè tí ó bá jí ẹ̀rọ náà má baà rí ohun inú rẹ̀ kà. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fọwọ́ kan ètò abẹ́ ẹ̀rọ náà lọ́la, ìyẹn ètò tí ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tàn, ojú ewé aláwọ̀ búlúù kan lè yọ tí yóò béèrè nọ́ńbà gígùn kan tí ó jẹ́ dígíìtì 48, bí kò bá sì sí nọ́ńbà náà, gbogbo iṣẹ́ ọmọ ti lọ nìyẹn. Inú àkáǹtì Microsoft yẹn ni nọ́ńbà náà wà. Kí ó wọ aka.ms/myrecoverykey lónìí, kí ó dà á kọ sínú ìwé, kí ẹ sì fi ìwé náà pamọ́ sọ́dọ̀ yín ní Ìfàkì, kì í ṣe nínú báàgì tí kọ̀ǹpútà wà. Bí ó bá jẹ́ ímeèlì ọmọ ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi ṣí i fún yín ní Adó, ẹ tètè pààrọ̀ rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ onítọ̀hún ni kọ́kọ́rọ́ dísìkì ọmọ yín wà.

Fún àwọn òǹkàwé mìíràn tí ọ̀rọ̀ wọn jọ ti Màmá yìí, mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Bí ẹ bá rí S mode lẹ́yìn Windows 11 Home, ètò inú Microsoft Store nìkan ni ẹ̀rọ náà yóò gbà. A lè jáde kúrò nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n a kò lè padà sínú rẹ̀. Bí páálí bá sọ FreeDOS, kò sí Windows nínú owó tí ẹ san rárá, ìdí nìyẹn tí ó fi dínwó. Ẹni tí ó bá sì tà á fún yín pẹ̀lú Windows 11 Pro lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fi hàn yín ibi tí ó ti ra àṣẹ náà. Ní ti tòkunbọ̀, ẹ wo nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé i5 tàbí i7 nínú orúkọ prosẹ́sọ̀ rẹ̀. i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, Microsoft sì gbà á fún Windows 11. I5-7200U jẹ́ ìran keje, kò sí nínú àwọn tí wọ́n gbà. Bí wọ́n bá fi ọgbọ́n gbé 11 lé e lórí, Microsoft kò ṣèlérí pé àpídéètì yóò máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń ná an.

Màmá, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ fọ́máàtì yẹn ṣì wúlò fún yín. Bí dátà bá ṣòro fún ọmọ, ẹ ra fíláàṣì tí kò dín ní 8GB, kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi Media Creation Tool ti Microsoft gba Windows 11 25H2 sínú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kí ọmọ wá ki fíláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ nígbà tí ó wà ní títàn, kí ó tẹ setup lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì yan Keep personal files and apps. Ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, ó tọ́ sí i. Fíláàṣì kan náà ni ọmọ yóò fi ran gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣì wà lórí 23H2 lọ́wọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn tún ra dátà.